Ẹ Má Bẹ̀rù Iná Ńlá, Ohun Kékeré Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Sẹ̀mẹ̀, ní Òwódé-Àpá, ní Gbàjì àti ní gbogbo etí òkun Àgbádárìgì, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì, ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹrù tòkunbọ̀ láti Kùtọ̀nú tí ẹ sì máa ń tú u kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, òkèèrè pátápátá ló wà. Ó jẹ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń rán lọ sí gbalasa òfurufú, tó jẹ́ pé iná núkílíà ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà kí ìtànṣán má baà pa wọ́n.

Ọ̀kan nínú yín bi mí pé, “Bàbá, ẹ má bínú o, kí ló kan ará Sẹ̀mẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ átọ́míìkì lójú sánmà? Iná ìjọba gan-an, a ò rí i lò.” Ìbéèrè rẹ̀ kò burú. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ní, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá kí wọ́n tó bí ọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Kingsport wà ní èbúté Èkó. Nípasẹ̀ ọkọ̀ náà àti sátẹ́láìtì Syncom 2 ni Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa nígbà náà, fi bá Ààrẹ John Kennedy sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, èkíní ní Èkó, èkejì ní Washington. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1962, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì kan ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè òkun Pàsífíìkì. Starfish Prime ni wọ́n pe ìdánwò náà. Ìtànṣán tó tú jáde níbẹ̀ há sínú agbára òòfà tó yí ayé ká, kò sì tètè kúrò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rán sátẹ́láìtì Telstar lọ sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, Telstar ti di adití: wọn a fún un láṣẹ láti ilẹ̀, kò ní gbọ́. Ìtànṣán ti ba àwọn transístọ̀ tó ń gbàṣẹ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fọgbọ́n jí i dìde ní oṣù kìíní ọdún 1963, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì, ó kú pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí Balewa ń sọ̀rọ̀ ní Èkó, àwọn tó ń kọ́ sátẹ́láìtì ti mọ̀ dájú pé ìtànṣán lè pa ẹ̀rọ láìfọwọ́ kàn án.

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ wa lọ sí Kyushu Institute of Technology ní Japan, wọ́n sì kọ́ sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ NigeriaEduSat-1. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni gígùn rẹ̀, 10 ni ìbú, 10 ni gíga, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, wọ́n tú u sílẹ̀ láti ilé ìwádìí ISS tó ń yí ayé po. Òun àti mẹ́rin mìíràn ni wọ́n jọ lọ, ti Japan, Gánà, Mongolia àti Bangladesh. Lára iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni kí wọ́n ṣọ́ ìgbà tí ìtànṣán bá kọlu ṣíìpù tí iná sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ Àkúrẹ́ ti débi ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni kò ní jẹ́ kí ọmọ Sẹ̀mẹ̀ débẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe níbí tilẹ̀ mọ ohun kan tí ará ìlú òkè kò mọ̀. Fóònù tó ń ṣiṣẹ́ geerege ní Ìbàdàn, bí ó bá ti gbé etí òkun wa fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó tú u, ẹ ó sì rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó hù sí ẹnu ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀. Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti spírítì fọ̀ ọ́, ẹ ó fi awò wo ojú bọ́ọ̀dù, ẹ ó wá rí i pé okùn bàbà tín-ín-rín tó gbé iná kọjá níbẹ̀ ti jẹ tán. Kò sẹ́ni tó gbá a mọ́lẹ̀, omi kò sì dà sí i. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ló jẹ ẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ ti mọ̀ nígbà náà pé ibi tí ẹ̀rọ ń gbé wà lára ohun tó ń pa ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín, kí n tó gbà yín nímọ̀ràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1965, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan sókè láti California tí wọ́n ń pè ní SNAP-10A. Riáktọ̀ núkílíà ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn ààrò tí wọ́n ti ń la átọ́ọ̀mù yúréníọ̀mù kí ooru lè jáde. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, òun nìkan ni riáktọ̀ tí Amẹ́ríkà tíì gbé lọ yí ayé po. Àwọn ará Rọ́ṣíà ìgbà Soviet ló rán ju 30 lọ ní tiwọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ọkọ̀ náà ṣe ṣóńṣó lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Orí ṣóńṣó yẹn gan-an ni wọ́n gbé riáktọ̀ sí. Lábẹ́ riáktọ̀ ni asà wà, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni lithium hydride. Lábẹ́ asà ni ara ọkọ̀ ti ń fẹ̀ sísàlẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ sì wà ní ìdí pátápátá. Wọn kò fi asà yí riáktọ̀ náà ká, nítorí ẹrù rẹ̀ yóò pọ̀ ju ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé. Ibi tó dojú kọ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n dí. Ìtànṣán tó bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kó máa lọ. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò sí ẹranko. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sínú òjìji asà yẹn. Bí ohunkóhun bá yọ sóde kúrò lábẹ́ òjìji, ìtànṣán á bà á, á sì ta padà láti ara rẹ̀ sórí àwọn tó ti sá pamọ́. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ kò fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju òjìji lọ.

Riáktọ̀ yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Iná tó ń mú wá lé ní 500 wáàtì, ó tó yí fáànù ilé bíi mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlélógójì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé iná átọ́míìkì ló bú gbàmù ni? Rárá o. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣàkóso iye iná tó ń wọlé, irú èyí tí ẹ ń pè ní régúlétọ̀, ló bàjẹ́ nínú ọkọ̀ tó gbé riáktọ̀ náà. Ìbàjẹ́ yẹn ló fa àṣẹ òdì tó pa riáktọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún un tàn mọ́. Títí di òní, ó ṣì ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 1,300 kìlómítà sí wa, iná inú rẹ̀ ti kú. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìmọ̀ràn mi jáde láti inú ìtàn yìí. Bí ẹ bá gbọ́ núkílíà, àyà yín a já, ojú yín a sì lọ sára iná ńlá náà. Iná ńlá ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wò ó. Ohun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, òun ló ń dá ìrìnàjò dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìtọ́jú ohun kékeré ni yóò kọ́kọ́ kọ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ mọ ọ̀tá, kí ẹ sì mọ ibi tó ń gbà wọlé. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nínú ọkọ̀ gbalasa, tilé ń pani, tòde náà ń pani. Ikú ilé ni niútírọ́nù àti ìtànṣán gámà tó ń jáde lára riáktọ̀. Ikú òde ni prótọ́nù tí oòrùn ń tu jáde nígbà tó bá ń bínú, àti àwọn ègé átọ́ọ̀mù tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn àwọn ìràwọ̀, àti èyí tó há sínú agbára òòfà ayé. Agbègbè kan wà lókè òkun Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, láti Brazil wá sí ọ̀nà gúúsù Áfíríkà, tí ìtànṣán tó há yìí ti sún mọ́ ilẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Bí awò ńlá Hubble tó ń yí ayé po bá ń kọjá níbẹ̀, wọ́n máa ń dá iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kan dúró títí yóò fi kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtànṣán ń gbà ba ẹ̀rọ jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ń gbára jọ díẹ̀díẹ̀. Iná mànàmáná kéékèèké há sínú awọ tín-ín-rín tó wà nínú transístọ̀. Nígbà tó bá pọ̀ tó, transístọ̀ tó yẹ kó pa ẹnu dé kò ní lè pa á dé mọ́, iná á máa jò. Èyí kejì ni ti niútírọ́nù, tó máa ń ta átọ́ọ̀mù sílíkọ́nù kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Èyí kẹta ni ti òjijì: ègé kan ṣoṣo kọlu mẹ́mọ̀rì, òdo di ení, ení di òdo, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ègé náà á la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún iná nínú ṣíìpù, iná á rọ́ gba ibẹ̀, ṣíìpù á gbóná, á sì jó, àfi bí wọ́n bá tètè já iná kúrò lára rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ní kí sátẹ́láìtì FUTA ṣọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ jìnnà sí ohun tó ń gbóná. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n òun ni asà tó rọrùn jù lọ láti kọ́. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán tó ń bà yín á dín kù sí ìdá mẹ́rin. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo Voyager 1 àti Voyager 2 tí wọ́n rán lọ lọ́dún 1977. Kò sí riáktọ̀ nínú wọn. Plutonium-238 ló wà níbẹ̀, tó ń gbóná fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ooru rẹ̀ di iná. Ní ọdún 87 àti oṣù díẹ̀ ni agbára rẹ̀ tó ń dín sí ìdajì. Ìtànṣán tó pọ̀ jù lára rẹ̀, bébà lásán lè dá a dúró. Síbẹ̀ niútírọ́nù àti gámà díẹ̀ ń bá a jáde. Nítorí náà wọ́n na ọ̀pá gígùn kan láti ara ọkọ̀, wọ́n gbé ìdáná mẹ́ta tí plutonium náà wà nínú wọn sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé àwọn ẹ̀rọ ìwádìí sórí ọ̀pá tó wà ní òdìkejì. Ọ̀pá irin kò wọ́n, ó sì fúyẹ́ ju òjé lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹta: asà kan kò lè gba gbogbo ọfà. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé bí a bá ti fi òjé bo nǹkan, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gámà ni irin tó wúwo bíi tungsten tàbí òjé lè dá dúró. Ní ti niútírọ́nù, bó bá kọlu ohun tó wúwo, ńṣe ló ń ta padà láìrẹ̀ ẹ́. Ohun tó fúyẹ́ bíi háídrójìn ló ń gba agbára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo lithium hydride, nítorí háídrójìn kún inú rẹ̀. Àwọn ègé tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìràwọ̀ tún yàtọ̀: bí wọ́n bá kọlu irin tó nípọn, wọ́n lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí wẹ́wẹ́ náà di ìtànṣán tuntun. Ẹni tó bá kàn ń lẹ irin mọ́ irin láìmọ ohun tó ń lé, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Bákan náà ni ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ Juno tó dé Júpítà ní oṣù keje ọdún 2016 ní àpótí titanium kan tí ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ọpọlọ ọkọ̀ sí. Iná oòrùn ni Juno ń lò, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó yí Júpítà ká kì í ṣe kékeré. Àpótí náà nìkan wúwo tó nǹkan bí 200 kílò. Wọn kò bo gbogbo ọkọ̀. Ohun tí kò ṣeé pàdánù ni wọ́n kó sábẹ́ òrùlé kan.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: ẹ má fi tuntun ṣe gbogbo nǹkan. Mo mọ̀ pé ojú ń wọ̀ yín bí fóònù tuntun bá jáde. Ẹ gbọ́ èyí: ọkọ̀ Perseverance tó gúnlẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021, tó ń lo plutonium bíi ti Voyager, ṣíìpù RAD750 ló wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ara ṣíìpù PowerPC 750 tó jáde lọ́dún 1997 ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò lè sáré ju 200 mẹ́gáhátísì lọ. Fóònù tó wà lápò yín yára ju ú lọ fíìfíì. Ṣé wọn kò lówó ra tuntun ni? Wọ́n mọ̀ pé bí transístọ̀ ṣe ń kéré sí i ni iná kékeré ṣe tó láti yí èrò rẹ̀ padà, wọ́n sì yan èyí tí wọ́n ti dán wò, tí wọ́n ti fún lókun, tó ti lọ tó ti bọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ kọ ohun tuntun. Àwọn ọmọ FUTA lo ohun tó wà lọ́jà, nítorí owó kò tó àti nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe máa ṣe lókè. Ẹni tó ń dán nǹkan wò lè lo tuntun. Ẹni tó gbé ẹ̀mí lé e lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìdán an wò.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: ọ̀nà kan ò wọjà. Èyí, ará Sẹ̀mẹ̀ kò nílò olùkọ́. Nígbà tí ìjọba ti ẹnu ibodè lóṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹ rí àwọn tó jẹ́ pé ọ̀nà Kùtọ̀nú nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹ sì rí àwọn tó ní iṣẹ́ ọwọ́ kejì nílé. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú ọkọ̀ Curiosity tó wà lórí Mars. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2013, mẹ́mọ̀rì èyí tó ń ṣiṣẹ́ dàrú. Wọ́n pàṣẹ láti ilẹ̀, èkejì gba iṣẹ́, ìrìnàjò ń lọ.

Bí ẹ̀rọ kejì kò bá sí, ọgbọ́n ni kó dípò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Voyager 1 bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ tí kò nítumọ̀ wálé. Ó ti rìn tó bílíọ̀nù 24 kìlómítà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ sí i, ó ń lo wákàtí méjìlélógún àti ààbọ̀ kó tó dé etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ṣíìpù mẹ́mọ̀rì kan ṣoṣo ló kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìtànṣán ló gbá a, ó sì lè jẹ́ ogbó. Kò sí àyè kan tó fẹ̀ tó láti gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi wọ́n há àlàfo ibi gbogbo nínú mẹ́mọ̀rì tó kù, wọ́n sì tún gbogbo ojúlé rẹ̀ kọ. Wọ́n rán iṣẹ́ náà lọ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní ọjọ́ 20, Voyager dáhùn. Ẹ̀rọ tó dàgbà ju ọ̀pọ̀ bàbá yín lọ ni mo ń wí o.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ Galileo, tó ń yí Júpítà po nígbà kan rí. Nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá Amalthea kọjá ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ìtànṣán ba iná kékeré kan jẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti ṣí kúrò nípò. Wọ́n ń fi iná mànàmáná gba inú rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ títí ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù náà fi padà síjókòó, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó mọ ìdí àìsàn ló lè wò ó sàn.

Ẹ̀kọ́ kẹfà: ilé ni kí ẹ ti parí ìjà. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìkọ́ àti sódà lọ bá ọkọ̀ lókè. Ohun tí ẹ kò bá dán wò nílẹ̀, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń gbé ṣíìpù síwájú cobalt-60, wọ́n á jẹ́ kí gámà lù ú títí yóò fi kú, kí wọ́n lè mọ iye tó lè gbà. Wọ́n á sì tún fi prótọ́nù lù ú. Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Riáktọ̀ kékeré kan wà ní Zaria láti ọdún 2004. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ti prótọ́nù sáré fún ìwádìí, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbalasa fún Áfíríkà wà. Ẹ wá ọ̀nà débẹ̀.

Ní ojú kan náà, ẹ jẹ́ kí n kì yín nílọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin pàǹtí, tí ẹ ń tú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó ti gbó: bí ẹ bá rí àpótí irin tó wúwo ju bó ṣe yẹ, tí àmì aláwẹ́ mẹ́ta bíi abẹ fáànù wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ ké sí àwọn aláṣẹ. Nigerian Nuclear Regulatory Authority ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ní ìlú Goiânia ní Brazil, lọ́dún 1987, àwọn tó ń ṣa irin fọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n rí ìyẹ̀fun tó ń tàn lóru, wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀rọ là, ẹ gba ara yín là.

Ẹ̀kọ́ keje: ẹ ronú nípa ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1978, sátẹ́láìtì Kosmos 954 ti Soviet já bọ́ sórí ilẹ̀ Kánádà pẹ̀lú riáktọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gbé riáktọ̀ náà sókè réré nígbà tí iṣẹ́ bá parí ló kọ̀. Ní ọdún 1983, òmíràn, Kosmos 1402, kò lè gòkè. Ọkàn riáktọ̀ rẹ̀ sì jóná sórí Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, òkun kan náà tó ń bì lu etí ilé wa níbí. Lọ́dún 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ lórí lílo iná núkílíà ní gbalasa. Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo rẹ̀, iná náà ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló já wọn kulẹ̀. Kódà sátẹ́láìtì tiwa, NigComSat-1, tí wọ́n rán lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, kò ní núkílíà kankan nínú. Wàhálà sólà rẹ̀ ló pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2011.

Ẹ ti gbọ́ tẹnu mi. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé e, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ mú ìwé kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ yín. Gbogbo bọ́ọ̀dù tó bá kú sí yín lọ́wọ́, kí ẹ tó jù ú nù, ẹ kọ ohun tó pa á sílẹ̀: iyọ̀ ni, ooru ni, iná tó pọ̀ jù ni, àbí ẹ kò mọ̀. Ẹ kọ apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “n kò mọ̀” sí i, ẹ má jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, ẹ ka ìwé. Ẹ fi ìṣirò kún un, nítorí ìmọ̀ láìsí ìṣirò kò lè sọ bí asà ṣe máa nípọn tó. Ẹ kọ́ físíìsì dé ibi tí ẹ ó ti lè sọ ìyàtọ̀ láàárín gámà àti niútírọ́nù láìwo ìwé. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tó ń pa ẹ̀rọ létí òkun Sẹ̀mẹ̀, tó sì lè fi ìwé àti ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀, kò sí tábìlì onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò lè jókòó tì, ìbáà jẹ́ ní Àkúrẹ́, ìbáà jẹ́ ní Japan.

Ọlọ́run á fún yín ní ojú tó ń rí ohun kékeré, á sì fún yín ní sùúrù tí ẹ ó fi tọ́jú rẹ̀. Àṣẹ.